Omi Tó Mọ́ Lójú, Tí Kò Mọ́ Níkùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi tó bà jẹ́ a máa di ọ̀tá ẹni tó bá mu ún. Àwọn ará Ìbàdàn kò jẹ́ gbàgbé òjò ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, tí ẹ̀mí tó lé ní 100 bá a lọ. Irú omíyalé bẹ́ẹ̀ a máa gbá ẹ̀gbin ilé ìyàgbẹ́ wọ inú kànga.

Álọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ onílé kọ́kọ́ ń sáré wá. Álọ́ọ̀mù a máa kó ìdọ̀tí jọ, á wúwo, á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Omi á wá tòrò. Ojú ni èyí tẹ́ lọ́rùn. Kòkòrò tó ń fa àrùn onígbáméjì kò ṣeé fi ojú rí, álọ́ọ̀mù kò sì pa á.

Iná ló ń pa á. Kí onílé rọra da omi tó tòrò náà sínú ìkòkò, kí ó sè é títí yóò fi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 1, ó kéré tán. Kí ó dé e títí yóò fi tutù, kí ẹnikẹ́ni má sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí wọ́n fa omi kànga náà kúrò, kí wọ́n sì fi kílórínì pa kòkòrò inú rẹ̀, kí wọ́n tó tún máa mu níbẹ̀.

Owó ìdáná wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n onígbáméjì lè pa ọmọ láàárín wákàtí díẹ̀ bí kò bá tètè rí ìtọ́jú.