Orúkọ Kan, Àrùn Méjì

Ní ọ́fíìsì dókítà kan ní Le Plateau, nílùú Abidjan, ni mo ti mọ̀ pé èmi tí mo ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè láti ọjọ́ yìí kò tíì kọbi ara sí ọ̀rọ̀ kékeré kan nínú èdè abínibí mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo sìn lọ síbẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀ ni ó ti kúrò ní Èjìgbò wá ṣòwò ní Abidjan, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ará ìlú náà ti ṣe, àwọn tí wọ́n ń pè ní Ànàgó níbẹ̀. Faransé inú ọjà nìkan ni ó gbọ́; ìdí nìyí tí mo fi di ògbufọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọwọ́ àti orúnkún mi ń gan." Mo túmọ̀ rẹ̀ sí "douleur", èyí tí í ṣe ìrora. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì kọjú sí mi: "Àbúrò, n kò ní ó ń dùn mí. Mo ní ó ń gan. Dídùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gígan ni ó ń ṣáájú." Mo tún un sọ. Dókítà béèrè bí gígan náà ti ń pẹ́ tó láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní láti ìgbà tí òun bá ti jí títí oòrùn yóò fi mú ni. Dókítà fi kálámù sílẹ̀, ó sì yẹ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wò. Oríkèé ìka wú lọ́tùn-ún lósì.

Ojú tì mí. Èmi ni mo ti ń sọ fún un pé ogbó ni, kí ó máa sinmi.

Ogbó ní tirẹ̀ lóòótọ́. Níbi tí eegun méjì ti pàdé, eegun rírọ̀ tí a ń pè ní kèrékèré ni ó bo orí ìkọ̀ọ̀kan wọn, omi tí ó ń fà bí ọbẹ̀ ilá sì wà láàárín wọn kí wọ́n má baà máa gbo ara wọn. Kèrékèré kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí kàn-ìn-kàn-ìn ni ó ṣe ń jẹun: bí a bá tẹ̀ ẹ́, a tu omi jáde, bí a bá gbẹ́sẹ̀, a fa omi olóúnjẹ wọlé. Nítorí náà, ìrìn ni oúnjẹ rẹ̀. Àìní ẹ̀jẹ̀ yìí náà ni kì í jẹ́ kí ó tètè san bí ó bá bàjẹ́. Bí ọjọ́ orí ti ń ga, agbára àtúnṣe rẹ̀ ń dínkù, iṣan tí ó so eegun pọ̀ ń le, ẹran tí ń gbé orúnkún dúró sì ń jò. Bí ìpalára àtijọ́, àjogúnbá tàbí ìsanra bá kún un, àrùn tí àwọn elédè Faransé ń pè ní arthrose lè dé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí mílíọ̀nù 528 ènìyàn ni ó ní in ní ọdún 2019. Gígan tirẹ̀ kì í sábà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ láàárọ̀.

Èkejì yàtọ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ó yẹ kí ó dáàbò bo ara ni ó ń gbógun ti awọ inú oríkèé. Ó lè mú ọ̀dọ́, ó lè mú àgbà; gígan rẹ̀ a sì máa ju wákàtí kan lọ. Bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, a máa jẹ eegun. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé èyí ni ti ẹ̀gbọ́n mi, oògùn rẹ̀ sì wà.

Làkúrègbé ni a ń pe méjèèjì nílé wa. Orúkọ náà bo ìyàtọ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe wa kò bò ó: ó ń dùn, ó ń ro, ó ń ta, ó ń gan. Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìyàtọ̀ wọn, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò ṣe ògbufọ̀ fún ìyá wọn níwájú dókítà.

Bí a ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí Treichville, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bí mo bá gba tìrẹ, ǹ bá ṣì máa sinmi." N kò rí èsì fún un. Orúnkún tèmi náà ń dùn mí. Tèmi ni ti ogbó. Mo sì ti ń rìn láti ọjọ́ náà.