Ọdún Tó Bẹ̀rẹ̀ ní Épírì

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ dátà ní ọ́fíìsì kan n'Íkẹjà, wọ́n ní kí n ṣe ìròyìn ọjà títà: orúkọ ẹ̀ka lápá òsì, oṣù lókè, oṣù kan sí òpó kan. PIVOT inú SQL Server ò le tí èèyàn bá ti mọ orúkọ òpó tó fẹ́, torí ọwọ́ la fi ń kọ wọ́n sínú IN. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa tún kóòdù kọ lóṣooṣù? Mo ní kí kóòdù fúnra rẹ̀ lọ ṣa orúkọ oṣù nínú tébù, kó fi kọ́mà so wọ́n, kó fi hun query, kí sp_executesql wá mú un ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́ tayọ̀tayọ̀.

Ọ̀gá akáúńtì pè mí. "Ṣé Épírì lọdún tìrẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ ni?"

Épírì, Ọ́gọ́ọ́sì, Dìsẹ́ńbà, Fẹ́búárì; Jánúárì di ìkarùn-ún! Ábídí ló fi tò wọ́n. Mo sáré fi ORDER BY sí ìdí query náà. Orúkọ àwọn ẹ̀ka tò lóòótọ́, àmọ́ àwọn oṣù ò mira: ìlà ni ORDER BY yẹn ń tò, kì í to òpó.

Àǹtí tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ò tilẹ̀ fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. "Query tí kóòdù rẹ hun, o ti kà á rí?"

"Rárá, mà."

"Fi PRINT gbé e jáde ká wò ó."

Ojú tì mí. Épírì ti ṣíwájú níbẹ̀ kí PIVOT tóó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. DISTINCT tí mo fi yọ àtúnwí ló tò ó bẹ́ẹ̀, mi ò sì sọ bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Mo fi nọ́ńbà oṣù tò ó, DISTINCT kọ̀ jálẹ̀: ohun tí a ò bá ṣà, a ò lè fi tò. Àǹtí ní kí n yọ ọ́ dànù, kí n fi GROUP BY kó orúkọ oṣù jọ, kí n fi MIN ọjọ́ títà tò wọ́n. (STRING_AGG tó dé ní 2017 ti mú un rọrùn, ẹ kọ ORDER BY sínú WITHIN GROUP. FOR XML PATH lèmi ń bá jìjàkadì nígbà náà, tí STUFF ń bá mi gé kọ́mà iwájú.)

Jánúárì mìíràn dé, ìròyìn náà kò tíì kúrò lọ́wọ́ mi tí mo fi tẹ PRINT. Mo ka orúkọ oṣù, 12 ni. Ó yẹ kó jẹ́ 13. Jánúárì méjèèjì ti wọ inú òpó kan. Mo fi ọdún lẹ̀ mọ́ orúkọ oṣù, mo tún un tẹ̀.