Kí Wáìfáì Máa Dìde Pẹ̀lú Kọ̀ǹpútà
Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo Linux gbà pé ó dìgbà tí àwọn bá wọlé sórí kọ̀ǹpútà kí Wáìfáì tó ṣiṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí a fi ọ̀rọ̀ aṣínà Wáìfáì pamọ́ sí ló sábà máa ń fa ìdúró yẹn. Bí ó bá wà lábẹ́ orúkọ aṣàmúlò kan ṣoṣo, NetworkManager, ètò tó ń bójú tó ìsopọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò ní rí i lò títí onítọ̀hún yóò fi wọlé. Ẹ sọ ọ́ di ti gbogbo aṣàmúlò, yóò bọ́ sínú /etc/NetworkManager/system-connections, níbi tí root nìkan ti lè kà á, ìsopọ̀ á sì wáyé kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Raspberry Pi tí kò ní kíbọ́ọ̀dù ńkọ́? Ta ni yóò bá a wọlé? Láti 2023 ni Raspberry Pi OS ti ń lo NetworkManager, àmọ́ bí ẹ kò bá tíì yan orílẹ̀-èdè fún Wáìfáì rẹ̀, ó lè wà ní títì pa. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó wo autoconnect, ìyẹn ààtò tó ń jẹ́ kí ìsopọ̀ máa wáyé fúnra rẹ̀.

Ó ń dùn mí pé ìtọ́sọ́nà àtijọ́ ṣì ń rán àwọn ènìyàn lọ sínú /etc/network/interfaces láti ṣètò Wáìfáì wọn. Lórí Debian, NetworkManager kì í fọwọ́ kan káàdì tí a bá ti dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀.