Ta Ló Rí I? Ẹ̀kọ́ Tí A Gbàgbé Sínú Ìwé Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Yorùbá

Òwe kan wà tí àwa Yorùbá fẹ́ràn púpọ̀: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn lẹ́nu, ó sì máa ń dà bí ẹni pé ó ti parí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló gbọ́ igbe àjẹ́ náà? Níbo ni onítọ̀hún wà nígbà tó gbọ́ ọ? Àìsàn wo ló ti ń ṣe ọmọ kí ilẹ̀ tó ṣú? Ta ló fún un ní oògùn, irú oògùn wo sì ni? Ẹni tó bá béèrè irú ìbéèrè báyìí láàárín èrò tí inú ń bí, wọn yóò ní ó ń gbèjà àjẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, irú ìbéèrè wọ̀nyí gan-an ni ọ̀wọ́ ìwé kan ní èdè wa ti ń kọ́ wa láti ìgbà pípẹ́, tí a sì kà wọ́n bí ìwé ìdánwò lásán. Àwọn ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí àti Kọ́lá Akínlàdé kọ ni mò ń sọ.

Ìtòrí ni mo ń gbé, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta kọjá yóò fi eruku funfun àti àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó sìmẹ́ńtì dá agbègbè wa mọ̀. Láti ọdún 1960 tí iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ewékorò ni àwọn àlejò ti ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa: awakọ̀, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, alágbàṣe, àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe. Ìlú tí àlejò pọ̀ sí bẹ́ẹ̀, bí nǹkan bá sọnù níbẹ̀, ojú àlejò ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń wò. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní èdè Yorùbá ní ilé ìwé girama ní agbègbè yìí, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n mọ ìwúlò àwọn ìwé wọ̀nyí ju bí ìwé ìbéèrè ìdánwò ti lè fi hàn lọ.

Fún ẹni tí kò bá wọn pàdé rí, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀. Ní ọdún 1938 ni D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Fún bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, òjìji igbó yẹn ṣì bo ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé wa. Ìwin àti ẹbọra ni akọni ìtàn ń bá jà. Ní ọdún 1969 ni Òkédìjí tẹ Àjà Ló Lẹrù jáde. Ó mú wa kúrò nínú igbó, ó gbé wa wọ ìgboro. Lápàdé tó fi ṣe akọni jẹ́ sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí, Ìbàdàn ló sì ń gbé. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara bíi tirẹ̀ ni àwọn tó ń lépa, àwọn tó ń fi òwò òkùnkùn jẹun. Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971, nígbà tó sì di ọdún 2007, Òkédìjí tún mú Lápàdé padà wá nínú Ká Rìn Ká Pọ̀. Ọdún 2019 ni bàbá náà papòdà. Èdè rẹ̀ kún fún òwe, ẹ̀fẹ̀ àti èébú ìgboro, débi pé ẹlòmíràn á máa rẹ́rìn-ín títí tí kò fi ní fura pé ẹ̀rù ti ń ba òun.

Akínlàdé gba ọ̀nà mìíràn. Èdè tirẹ̀ rọrùn, gbólóhùn rẹ̀ kì í gùn. Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó dá sílẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ń fi ẹ̀ṣẹ́ wá òtítọ́ bíi Lápàdé. Ìbéèrè ni ohun ìjà rẹ̀. Ẹ wo orúkọ ìwé tó jáde ní 1971: Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? Ìbéèrè ni orúkọ ìwé náà, ìbéèrè tó sì léwu ni. Bí wọ́n bá pa ọmọ ọba nínú ìlú, kò sẹ́ni tí kò ní fẹ́ kí a tètè rí ẹni kan mú. Ẹni tí ìlú bá na ìka sí, ó ti gbé e nìyẹn. Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni kó dúró láàárín ìka tí wọ́n nà àti ẹni tí wọ́n nà án sí, kó ní: ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè. Owó Ẹ̀jẹ̀ tó jáde ní 1976 wà nínú ọ̀wọ́ ìtàn yìí kan náà.

Ìlànà kan wà tí irú ìtàn yìí kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá rí, òǹkàwé gbọ́dọ̀ rí i pẹ̀lú. Òǹkọ̀wé kò gbọdọ̀ fi àlá tàbí ìran yanjú ọ̀ràn lójijì. Ó ní láti to ẹ̀rí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tó rí olóògbé kẹ́yìn, ẹni tí ikú náà ṣe láǹfààní, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti àárọ̀ kò bá ti ìrọ̀lẹ́ mu. Ó sì ní láti fi ẹnì kan tó jọ ọ̀daràn tí kì í ṣe ọ̀daràn síwájú wa, kí àwa náà lè kórìíra rẹ̀ tán kí a tó mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Òǹkàwé tó ti dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi nínú ọkàn rẹ̀ ní ojú ewé ogójì, tí òtítọ́ sì dójú tì í ní ojú ewé ọgọ́rùn-ún, yóò máa ṣọ́ra nígbà tí ọ̀rọ̀ gidi bá dé.

Kí ló wá dé tí àwọn ìwé yìí kò fi níyì tó bó ti yẹ? Ilé ìwé tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa náà ló sọ wọ́n di kékeré. Ìbéèrè tí a ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ni pé: tọ́ka sí òwe márùn-ún, ṣe àlàyé ìwà Lápàdé, kí ni ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà kọ́ wa? Èmi kò tíì rí ìwé ìbéèrè tó ní: ní ojú ewé wo ni ìwọ alára ti mọ ẹni tó ṣe é, kí sì ni ẹ̀rí rẹ? Akẹ́kọ̀ọ́ á há ìdáhùn sórí, á yege, á sì ta ìwé náà fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974 rí sinimá gbà á sílẹ̀ ní 1997, nígbà tí Túndé Kèlání gbé e jáde, tí ẹni tí kò mọ̀wé kà pàápàá fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lápàdé àti Olúṣínà kò rí irú oríire bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan tún ń sọ pé àṣà òyìnbó ni, pé a kàn fi èdè wa wọ aṣọ fún un ni. Òótọ́ ni pé òyìnbó ló kọ́kọ́ kọ irú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ìwádìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ta ló kọ́ ọmọ Yorùbá ní àlọ́ àpamọ̀, tí a fi ń ka àmì sílẹ̀ fún un kó tó dárúkọ nǹkan? Ta ló sọ pé agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà? Àwọn baba wa tó pa òwe àjẹ́ náà ló pa ìyẹn. A ní òwe méjèèjì nínú àpò wa. Èyí tí a bá mú jáde lọ́jọ́ ìbínú ni yóò sọ irú ẹni tí a jẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní yunifásítì ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa. Ó ń ka ìtàn àwọn ará Jàpáànù kan lórí fóònù rẹ̀. Honobu Yonezawa ni orúkọ òǹkọ̀wé náà. Ó gbé ìwé àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ náà, Hyōka, jáde ní 2001. Ìkẹfà jáde ní 2016. Wọ́n fi ṣe àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n ní 2012, àwòrán náà sì lókìkí ju ìwé lọ dáadáa. Nínú Hyōka, kò sí ẹni tí wọ́n yìnbọn fún, kò sí òkú nílẹ̀. Ọmọ ilé ìwé girama mélòó kan ni, wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ tí ń ka ìwé àtijọ́. Ọmọbìnrin kan láàárín wọn fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí arákùnrin ìyá rẹ̀ ní ilé ìwé yẹn kan náà, ní ọdún 33 sẹ́yìn. Wọ́n kó ìwé àtijọ́ jọ, wọ́n ń fi ọ̀kan wé èkejì. Ọmọkùnrin tó gbọ́n jù nínú wọn to ìtàn kan pọ̀ tó bá gbogbo ìwé náà mu: akọni ni ọkùnrin náà, ó fi ara rẹ̀ jìn fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, òtítọ́ yàtọ̀. Ọkùnrin náà kò yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló jọ ṣe é, òun nìkan ni wọ́n di ẹrù lé lórí, òun nìkan ni wọ́n lé jáde.

Mo ní kí ó sọ ìparí ìtàn náà fún mi lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rí inú ìwé péye, síbẹ̀ kò tó, àfi ìgbà tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó rí i. Ohun tó sì wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe ìpànìyàn, ọmọ kan tí gbogbo ilé ìwé jẹ́ kí ó gbé ẹ̀bi wọn ni.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú mi. N kò ní dárúkọ ilé ìwé náà. Owó ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ kan sọnù nínú kíláàsì lákòókò ìsinmi, ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà. Kí n tó dé ibẹ̀, wọ́n ti mú olè. Ọmọkùnrin kan ni, bàbá rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn wá máa gbé àpò sìmẹ́ńtì. Wọ́n ti já bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Olùkọ́ kan ti ń sọ pé kí a pe ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìgbálẹ̀ mú olè.

Mo ní, "Ta ló rí i?"

"Kò sẹ́ni tó rí i, sà. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni kò jáde jẹun."

Ọmọ náà kò fèsì. Ó kàn ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní ẹ ò rí i pé kò lè sọ̀rọ̀, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Owó Ẹ̀jẹ̀ ni a ń kà ní sáà yẹn. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nawọ́ sókè. Ó ní, "Sà, ta ló mọ̀ pé kò jáde? Ẹni tó mọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú kíláàsì pẹ̀lú rẹ̀."

Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kọ́kọ́ na ìka sí i kò sí nínú kíláàsì. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni. Ẹlòmíràn náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni kẹta. Nígbà tó yá, a ránṣẹ́ sí ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́yìn ilé ìwé. Ó ní ọ̀dọ̀ òun ni ọmọ náà wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsinmi dé òpin, ó ń bá òun pọn omi kí òun lè fún un lóúnjẹ, nítorí kò lówó lọ́wọ́. Ojú ló ń ti ọmọ náà láti sọ ọ́ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìtìjú ni a rí tí a pè ní ìjẹ́wọ́.

Owó náà kò jáde títí di òní. N kò mọ ẹni tó mú un. Ṣùgbọ́n ọmọ náà parí ilé ìwé, ó sì ṣe ìdánwò rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń rí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gbà. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu, nítòsí Yunifásítì Port Harcourt, àwọn èrò lu akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, wọ́n fi táyà kọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì dáná sun wọ́n, wọ́n ní olè ni wọ́n. Ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn afurasí. Àwọn ọmọ náà kò jí dìde. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ní Uromi, Ìpínlẹ̀ Edo, wọ́n dá ọkọ̀ àwọn ọdẹ tó ń lọ sí Kano dúró, wọ́n rí ìbọn ìbílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ajínigbé ni wọ́n, wọ́n sì pa èyí tó ju mẹ́wàá lọ nínú wọn. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ìbọn wà nínú ọkọ̀. Ajínigbé ń yọ ìlú lẹ́nu. Kí ni a tún ń wádìí?

Mi ò sọ pé ìwé ìtàn nìkan lè dá èrò tí inú ń bí dúró. Ebi, àìgbẹ́kẹ̀lé ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ tó ń falẹ̀ wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, Lápàdé pàápàá kò gbẹ́kẹ̀ lé ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bí èrò bá pé jọ, ó sábà máa ń ku ẹnì kan tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Bí a bá ti kọ́ ẹni yẹn ní ọ̀rọ̀ tó lè sọ, ní èdè tí gbogbo èrò gbọ́, ó lè sọ ọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ èdè fi kàn mí gidi. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Àwa tí a wà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, níbi tí Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859, kò yẹ kí a jókòó máa retí Àbújá kí a tó ka ìwé tiwa.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá tún ń kọ́ni ní ìwé Akínlàdé tàbí ti Òkédìjí, ẹ dúró ní ìdajì. Ẹ ní kí àwọn ọmọ pa ìwé dé, kí oníkálukú kọ orúkọ ẹni tó fura sí sínú bébà, kó sì kọ ẹ̀rí rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá kọ orúkọ tí kò kọ ẹ̀rí, ẹ fún un ní òdo, kódà bí orúkọ tó kọ bá jẹ́ ti ọ̀daràn gan-an. Ẹ̀yin òǹtẹ̀wé, àwọn ìwé yìí ṣọ̀wọ́n lórí àtẹ. Ẹ tún wọn tẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀dà àtijọ́ sì wà nínú àpótí yín, tí kòkòrò ti ń jẹ etí rẹ̀, ẹ yọ ọ́ síta. Ọmọ kan wà ládùúgbò yín tí yóò kà á.