Rọ́bà Inú Sípíríǹgì: Òṣùká Kì í Dín Ẹrù Kù

Yorùbá kì í gbé ẹrù tó wúwo lé orí lásán. Kí a tó gbé ìkòkò omi tàbí agbọ̀n iṣu rù, a óò kọ́kọ́ wá aṣọ àlòkù tàbí ewé tútù, a óò ká a róbótó, a óò fi lé àtàrí. Òṣùká ni à ń pe ohun kékeré yìí. Bí ó ti kéré tó, òun ni kì í jẹ́ kí ìdí ìkòkò ta àtàrí, òun ni ó ń jẹ́ kí ẹrù jókòó dáadáa, òun náà ni kì í jẹ́ kí gbogbo ìṣísẹ̀ máa dún lórí aláàárù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ti ru ẹrù rí tí kò mọ̀ pé òṣùká kì í dín ẹrù kù. Bí ìkòkò omi ti wúwo tó kí a tó ká òṣùká, bẹ́ẹ̀ náà ló wúwo lẹ́yìn rẹ̀. Ọrùn ló ń ru ẹrù. Òṣùká kàn ń ran orí lọ́wọ́ ni.

Ọkọ̀ akẹ́rù náà ní òṣùká tirẹ̀. Rọ́bà ni, inú sípíríǹgì ni a sì ń fi í sí. Ìwúlò rẹ̀ pọ̀, àṣìlò rẹ̀ sì lè gba ẹ̀mí ènìyàn.

Awakọ̀ kan wà ní agbègbè Òkè-Ògùn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó iṣu láti Ṣakí, gba Ìsẹ́yìn kọjá, títí dé ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ Volkswagen tí gbogbo ayé ń pè ní dánfó ni ó fi ń ṣe é. Ó ti yọ gbogbo àga ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò kí àyè lè gba ẹrù. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìdí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Bí kò tilẹ̀ kó nǹkan kan, ẹ̀yìn rẹ̀ a wálẹ̀ bí ti ajá tó fẹ́ jókòó. Bí ó bá wá kó iṣu tán, kòtò kékeré kan báyìí ni yóò bọ́ sí tí táyà yóò fi máa ha irin tó bò ó lórí. Ìró náà a máa ta awakọ̀ yìí létí, a sì máa ta á lọ́kàn pẹ̀lú, nítorí ọkọ̀ náà ni oko rẹ̀, òun náà ni ilé ìfowópamọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ó wa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún.

"Ọ̀gá," ni bàbá náà wí, "wọ́n ní rọ́bà kan wà tí o máa ń ki bọ inú sípíríǹgì. Bá mi ki í bọ tèmi náà. Ọgọ́ta iṣu ni mo fẹ́ máa fi kún ẹrù mi láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọbìnrin mi fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde, owó rẹ̀ kò sì tíì pé."

"Ẹ kú ìnáwó, Bàbá," ni mẹkáníìkì dáhùn. "Rọ́bà wà, n ó sì bá a yín ki í. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jọ ṣírò."

Kí ìṣirò náà tó lè yé ni, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí sípíríǹgì ń ṣe. Irin tí a lọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ẹsẹ̀, òrùka lórí òrùka, ni sípíríǹgì irú ọkọ̀ yìí. Bí táyà bá gun òkúta, sípíríǹgì a sún kì. Bí ó bá kọjá òkúta, a nà padà, ara ọkọ̀ kò sì ní fò tó bí táyà ti fò. Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ló tẹ òfin tó de ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1678: bí agbára tí a fi tẹ sípíríǹgì bá ti pọ̀ tó ni yóò ti sún kì tó. Ká ní ẹrù kìlógíráàmù 100 mú un sún kì ní sẹ̀ǹtímítà 3, 200 yóò mú un sún kì ní sẹ̀ǹtímítà 6. Ṣùgbọ́n irin náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ kọjá ibẹ̀ lójoojúmọ́, kì í lè nà padà tán mọ́. Bí ìdí ọkọ̀ ṣe ń rẹlẹ̀ nìyẹn.

Rọ́bà tí a ń ki bọ àárín òrùka méjì kì í jẹ́ kí òrùka wọ̀nyẹn sún mọ́ ara wọn bó ṣe wù wọ́n. Bí òrùka tó ń ṣiṣẹ́ bá sì ti dín kù, sípíríǹgì a le sí i. Bí sípíríǹgì bá ní òrùka 8 tó ń ṣiṣẹ́, tí a fi ohun líle dá 1 dúró pátápátá, 7 ló kù. Yóò wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìdá 14 nínú 100. Rọ́bà kì í dá òrùka dúró pátápátá, nítorí náà èrè rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ó ní àǹfààní méjì tí irin kò ní. Èkínní ni pé ó rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń le sí i bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ sí i, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fìdí gbá ilẹ̀ lójijì. Èkejì ni pé ó ń sọ díẹ̀ nínú agbára ìfò náà di ooru, ọkọ̀ kò sì ní máa jó lọ jó bọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Àwọn ọkọ̀ ńláńlá, bí lọ́rì tó ń kó gẹdú, kì í sábà lo sípíríǹgì olórùka ní ẹ̀yìn. Irin pẹlẹbẹ tí a tò lé ara wọn ni tiwọn. Rọ́bà oníhò nínú ni a ń dè sí abẹ́ egungun ọkọ̀, ní òkè ọ̀pá tó so táyà méjèèjì pọ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, rọ́bà náà lè má fara kan nǹkan kan; ìgbà tí ẹrù bá mú ọkọ̀ wálẹ̀ ni yóò tó gbà á mọ́ra. Ọkọ̀ kan tilẹ̀ wà tí rọ́bà gan-an jẹ́ sípíríǹgì rẹ̀: Mini, tó jáde ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1959, tí Alex Moulton ṣe ètò rọ́bà abẹ́ rẹ̀.

Rọ́bà kì í sì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Igi ìrẹ́, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Funtumia elastica, ń hù nínú igbó wa, oje funfun rẹ̀ sì ń di rọ́bà. Ní nǹkan bí 1894 ni òwò rẹ̀ gbiná ní agbègbè Èkó àti nínú àwọn igbó tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1895, rọ́bà tó gba èbúté Èkó jáde ju 2,000 tọ́ọ̀nù lọ. Owó náà dùn, ó sì yá àwọn ènìyàn lójú. Wọ́n ń ha igi láì fún un ní ìsinmi, wọ́n sì ń gé e jinlẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Kí ọdún 1900 tó wọlé, ọ̀pọ̀ igi ìrẹ́ ti kú, òwò náà sì ti wó lulẹ̀. Ẹni tó bá gba oje lọ́wọ́ igi ju ohun tí igi lè fún un lọ, ìgbà díẹ̀ ni yóò fi jẹun níbẹ̀.

Oje tútù yìí kò lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ooru a sọ ọ́ di ẹ̀kọ, òtútù a mú un gan. Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, ló rí i ní 1839 pé bí a bá fi imí-ọjọ́ sí i tí a sì fi iná sè é, yóò gbó, yóò máa nà, yóò sì máa padà sípò. Rọ́bà tó gbó bẹ́ẹ̀ ni mẹkáníìkì yìí gbé jáde. Kì í ṣe èyí tí a gé lára táyà àlòkù, nítorí wáyà irin tó wà nínú ọ̀pọ̀ táyà a máa ha ọ̀dà ara sípíríǹgì kúrò.

Iṣẹ́ náà kò gba wákàtí méjì, ṣùgbọ́n kò fi ìkánjú ṣe é. Ó gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó fi òkúta dí táyà iwájú, ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn sókè, ó sì gbé ara ọkọ̀ lé ẹsẹ̀ irin tó dúró ṣinṣin. Jáàkì lè yọ̀ nígbàkigbà. Ẹni tó bá gbọ́n kì í fi orí sábẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Nígbà tí ó yọ táyà tán, sípíríǹgì nà, àlàfo àárín òrùka sì fẹ̀. Ó fọ ẹrẹ̀ kúrò, ó wo irin náà láti òkè délẹ̀ bóyá ó ti sán níbì kan, nítorí sípíríǹgì tó ti sán kò ní oògùn mìíràn ju pípààrọ̀ lọ. Ó wọn àlàfo, ó sì mú rọ́bà tó bá a mu. Omi ọṣẹ ni ó fi pa á lára kí ó lè wọlé. Kò lo epo ẹ́ńjìnnì, nítorí epo a máa mú rọ́bà wú, a sì máa bà á jẹ́. Òrùka kan náà ni ó kì í sí ní ọ̀tún àti ní òsì, kí ọkọ̀ má baà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó so ó mọ́lẹ̀, ó rí i pé kò kan ọ̀pá bíréèkì, ó sì dá táyà padà. Ìdí ọkọ̀ ti gòkè. Ojú bàbá náà dán.

Ìgbà náà ni mẹkáníìkì wá mú ẹfun, tó ń ṣírò sára ògiri.

"Bàbá, irú ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ gbé ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan lọ, àti ènìyàn àti ẹrù. Iṣu mélòó lẹ ń kó?"

"Ọgọ́jọ."

"Bí ọ̀kan bá wọn kìlógíráàmù 5, 800 nìyẹn. Ẹ̀yin àti ọmọ iṣẹ́ yín, 140. Ó di 940. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ọgọ́ta iṣu mìíràn jẹ́ 300. Ó di 1,240."

"Ṣebí rọ́bà ti wà níbẹ̀ báyìí?"

"Rọ́bà wà nínú sípíríǹgì, Bàbá. Kò sí nínú táyà, kò sí nínú bíréèkì, kò sí nínú bọ́ọ̀tì tó de táyà mọ́ ọkọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Bíréèkì tó ń dá ọkọ̀ tó wúwo dúró kò mọ̀ pé rọ́bà wà. Bí ìwúwo ọkọ̀ bá fi ìdá kan nínú márùn-ún lé sí i, agbára tí bíréèkì ní láti pa lórí eré kan náà yóò fi ìdá kan nínú márùn-ún lé sí i pẹ̀lú. Táyà tí ẹrù bá pọ̀ jù lórí rẹ̀ a máa gbóná, èyí tó bá sì gbóná jù a máa bẹ́. Ẹrù àpọ̀jù wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988, ń tìtorí rẹ̀ dá awakọ̀ dúró, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè wà ní gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ewu kan tún wà tó fara sin ju ìwọ̀nyí lọ. Ìdí ọkọ̀ tó wálẹ̀ jẹ́ ahọ́n ọkọ̀. Ohun tó fi ń sọ fún olówó rẹ̀ nìyẹn pé, "Ó tó." Lẹ́yìn tí rọ́bà bá ti wọlé, ọkọ̀ lè gbé ẹrù tó pọ̀ jù kí ìdí rẹ̀ má sì wálẹ̀. Ẹni tó ń fi ojú wọn ẹrù yóò rò pé kò sí nǹkan kan. Nítorí náà, ẹni tó bá fi rọ́bà sí sípíríǹgì gbọ́dọ̀ yéé fi ojú wọn ẹrù. Kíkà ni kí ó máa kà á. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Mẹkáníìkì kò sì fi pamọ́ fún un pé ìrànlọ́wọ́ ni rọ́bà, pé sípíríǹgì tuntun ni ìwòsàn tó yẹ ọkọ̀ náà gan-an. Ibi tí etí rọ́bà ti ń ha irin, yanrìn àti omi a máa há síbẹ̀, irin a dógùn-ún, ó sì lè ti ibẹ̀ kán. Ó ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn wò ó bóyá ó ti yẹ̀, kí ó sì máa mú un wá láti ìgbà dé ìgbà.

Bàbá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ìdánwò kò lọ níbì kankan. Nígbà tó ṣe, ó ní òun yóò bá olórí èésú òun sọ ọ́, bóyá wọn yóò jẹ́ kí òun kó tòun ṣáájú. Wọ́n sì jẹ́ kí ó kó o. Ọmọbìnrin náà ṣe ìdánwò rẹ̀. Kí ó tó lọ, bàbá rẹ̀ fún un ní ọ̀dà funfun, ó ní kí ó bá òun kọ nǹkan kan sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọkọ̀, níbi tí àwọn tó ń kó iṣu sínú rẹ̀ yóò ti máa rí i. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: 160.