Iṣẹ́ Ìyanu Tí Kì Í Yára

Ẹ̀yin ará wa, bí a bá gbọ́ iṣẹ́ ìyanu, ohun tí a máa ń retí ni kí arọ dìde, kí afọ́jú ríran. Kí ìwà ènìyàn yí padà ńkọ́?

Ẹ wo John Newton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1748, ìjì líle ja ọkọ̀ tó wọ̀ lójú òkun, ó sì ké pe Ọlọ́run. Síbẹ̀, lẹ́yìn èyí ló di ọ̀gá ọkọ̀ tó ń kó ẹrú láti Áfíríkà, títí di 1754. Ó di àlùfáà ní 1764. Ní 1788 ló tó kọ̀wé bu ẹnu àtẹ́ lu òwò ẹrú, tó sì jẹ́wọ́ ipa tirẹ̀. Ọdún 40 gbáko! Ní 1807, ọdún tó kú, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò náà.

Àwa náà ní àbúrò kan tí ọtí gbà lọ́wọ́ wa. Ọdún 11 la ti ń gbàdúrà. Kò tí ì fi ọtí sílẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n lọ́dún yìí ó pe Màmá lórí fóònù, ó sì tọrọ àforíjì. Iṣẹ́ ìyanu ni.

Ẹni bá fi sùúrù pa eèrà á rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká pa ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni dé kí Ọlọ́run tó parí iṣẹ́ Rẹ̀.