Ta ló ń dáhùn nínú ilé wa?

Ùró, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Ọjọ́ 18, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Òjò ti dé, ìyá rẹ sì ti gbin àgbàdo sí ẹ̀yìnkùlé. Àbúrò rẹ ni yóò ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò, tí yóò fi ránṣẹ́ sí ọ.

Nígbà tí o pe ìyá rẹ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, o ní kí n fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé sílẹ̀, kí n lọ pe àwọn tó ń tún un ṣe. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò pe ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ohun tó ń ṣe é. Ìwọ lo tò ó fún wa nígbà Kérésì, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún ọ látìbẹ̀rẹ̀.

Bí iná bá lọ, tó sì padà dé, kọ̀ǹpútà pálọ̀ á ní òun ti so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, síbẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ò ní sí. Prínta tí ìyá rẹ fi ń tẹ orin ẹgbẹ́ akọrin wọn á ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ìta dé lẹ́yìn wákàtí kan, fóònù tèmi á ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìyá rẹ ní iná ló ń bà á jẹ́. Àbúrò rẹ ní dátà ló tán. Èmi rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, tí iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn báńkì kan ní Nàìjíríà. Mo ní bóyá ó tún ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbé ẹ̀bi fún Òkè Olósùnta, pé àpáta ńlá yẹn ló dúró láàárín wa àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbé ráútà láti fèrèsé kan dé èkejì.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn dùn mí, nítorí ó yẹ kí n ti mọ̀. Bí wáyà abẹ́ òkun bá já, kí ló kan prínta tó wà lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà? Ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ kò gba òkun kọjá, kò sì gba ẹ̀yìn Olósùnta. Inú ilé wa ni àrùn náà wà.

O rántí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́bàá Ọjà Ọba, tí o máa ń jókòó lórí àpótí lẹ́yìn ilé ìwé. Bí wọ́n bá gbé rédíò tó yadi wá, n kì í tú u palẹ̀. Mo máa ń fi orí skúrúdíráfà kan ibi tí wọ́n ti ń yí ohùn sókè. Bí sípíkà bá kùn, a jẹ́ pé láti ibẹ̀ dé sípíkà ò léwu, ọ̀dọ̀ èríà ni kí n kọjú sí. Bí kò bá kùn, ọ̀dọ̀ sípíkà ni. Ìfọwọ́kàn kan péré, ìdajì rédíò ti bọ́ nínú ẹ̀sùn. Mo wá bi ara mi pé kí ló dé tí mi ò ṣe báyìí fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Mo mú ìwé tí o lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé ráútà wa ni 192.168.0.1, prínta sì ni 192.168.0.50. Ìwọ lo ṣàlàyé fún mi pé ìwé ìlànà kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1996 ló ya irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún inú ilé àti ọ́fíìsì, pé tiwa àti ti aládùúgbò lè jọra láìfa ìjà, bí gbogbo agboolé ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀. Mo ṣí ojú dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí, mo tẹ ipconfig. Kọ̀ǹpútà ní 192.168.1.101 ni òun, pé 192.168.1.1 ni ẹnu ọ̀nà òun. Mo wo ìwé rẹ, mo tún wo kọ̀ǹpútà. Òdo lo kọ, ení ló wà níbẹ̀.

Mo fi àṣẹ tí wọ́n ń pè ní ping pe ráútà wa, kò dáhùn. Mo pe 192.168.1.1, ó dáhùn kíá.

Àbẹ̀kẹ́, orí mi wú. Ta ló ń dáhùn nínú ilé mi?

Mo ka ìtàn ping yìí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ará Amẹ́ríkà kan, Mike Muuss, ló kọ ọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1983. Ìró tí àwọn ọkọ̀ ojú omi máa ń rán sísàlẹ̀ láti fi wá ohun tó wà nínú omi ló fi sọ ọ́ lórúkọ: wọn á ké, wọn á sì dúró gbọ́ ohun tó padà. Èmi àti ọkùnrin náà ìbá gbọ́ ara wa yé.

Mo fi -t sí ping kó máa pe 192.168.1.1 láìdúró, mo wá lọ sídìí ráútà. Wáyà mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fa ti tẹlifíṣọ̀n yọ, àlejò náà ṣì ń dáhùn. Mo dá a padà kí n tó fọwọ́ kan òmíràn. Ti prínta, ó ṣì ń dáhùn. Ti kọ̀ǹpútà, mi ò fa ìyẹn, nítorí òun ni etí mi. Mo fa ẹ̀kẹrin, èyí tó gba àjà lọ, ibi gbogbo sì dákẹ́. Mo dá a padà, ó tún dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é kí n tó gbà.

Mo tẹ̀ lé wáyà náà dé yàrá ẹ̀yìn. Lẹ́yìn àpótí aṣọ àbúrò rẹ ni mo ti bá ráútà àtijọ́ kan tó ń ṣẹ́jú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fún un. Wi-Fi kì í la ògiri búlọ́ọ̀kù méjì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ní iṣẹ́ ilé ìwé láti ṣe, ló bá so ó mọ́ tiwa, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ráútà méjèèjì ló wá ń pín nọ́ńbà, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní DHCP. Ó dà bí ìgbà tí ẹni méjì ń pín yàrá fún àlejò níbi ìnáwó kan ṣoṣo, láìgbọ́ ti ara wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ni kọ̀ǹpútà ń gbà gbọ́. Bí iná bá dé, ráútà àtijọ́ yìí á ti jí kí tiwa tó lajú, yóò sì ti rán gbogbo wọn gba ẹnu ọ̀nà tí kò já síbì kankan. Nọ́ńbà prínta kò yí padà ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun àti kọ̀ǹpútà kò fi mọ ara wọn mọ́. Ìyá rẹ kò parọ́ pátápátá, lẹ́yìn iná ló máa ń ṣẹlẹ̀.

Mo yọ ráútà àtijọ́ náà, mo fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Mo fún un ní 192.168.0.2, mo gba iṣẹ́ pínpín nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jẹ́ kó máa gbé Wi-Fi fún yàrá ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà mo pa iná ilé láti súwíìṣì ńlá lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì tàn án. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni gbogbo wọn jí sí ojúlé kan náà. Mi ò bú àbúrò rẹ. Ohun tó ń wá tọ́ sí i, ó sì ti ní i báyìí. Jọ̀wọ́, ìwọ náà má bú u.

Ohun kan ló kù. Nígbà tí mo fẹ́ wo inú ráútà tí o rà fún wa, ó béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, kò sì sí lórí ìwé rẹ. Ká ní inú ibẹ̀ ni àrùn náà wà ni, ẹnu ọ̀nà ni ǹ bá dúró sí. Mo mọ̀ pé o fi pamọ́ kí a má baà ṣèèṣì tẹ ohun tí kò yẹ. Ó dùn mí díẹ̀, ọmọ mi. Ìlú tí o wà jìnnà, ọwọ́ tó wà nílé ni yóò máa tún ilé ṣe.

Mo ti ya àwòrán tuntun sórí páálí: ráútà méjèèjì, wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Mo fi àyè kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún ọ̀rọ̀ aṣínà náà. Inú àpótí ìyá rẹ ni páálí náà yóò máa wà. Pè mí lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kí o kà á fún mi, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, gègé á ti wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.